OGUN ÀGBỌ́TẸ́LẸ̀ KÌ Í PA ARỌ: Ẹ̀kọ́ lórí ìyípadà ojú ọjọ́ àti ojúṣe onígbàgbọ́



Lẹ́yìn Mísà àárọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan nínú ìjọ wa dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ Mísà. Etí kánáàlì ni ó ń gbé, ní ìhà Òkè-Àfà. Ó ní, "Fadá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n tún ti kéde pé kí àwa tí a wà létí omi ṣọ́ra fún òjò ọdún yìí. Àwọn ọmọ mi ní kí n kó kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa sọ fún mi pé bí mo bá kó kúrò, àìnígbàgbọ́ ni. Kí ni kí n ṣe?"

Mo dá a lóhùn ní ṣókí, nítorí pé Mísà kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ìbéèrè náà kì í sì í ṣe ti ìyá yìí nìkan. Ó kan gbogbo àwa tí a ń gbé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, láti Máfolúkù dé Ọ̀kọ̀tà, níbi tí òjò wákàtí mélòó kan ti lè sọ òpópónà di odò. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ojú ìwé ọ̀sẹ̀ yìí dá a lóhùn bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ.

1. OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ Ń SỌ

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní ìyípadà ojú ọjọ́.

Ojú ọjọ́ òní yàtọ̀ sí ìwà ojú ọjọ́. Bí ọmọ kan bá bínú ní àárọ̀ òní, a kò lè tìtorí rẹ̀ pè é ní oníbìínú. Ṣùgbọ́n bí a bá bá a gbé fún ọdún púpọ̀, a ó mọ ìwà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wọn òjò, ooru àti afẹ́fẹ́ ibì kan fún nǹkan bí ọdún 30, kí wọ́n tó sọ ìwà ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ìwà yìí ni wọ́n sọ pé ó ń yí padà, kì í ṣe òjò ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ni ó ń yí i padà? Ẹ rántí òru ìgbà ọyẹ́. Oòrùn a máa ràn ní ọ̀sán, síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù a ti mú wa. Ní oṣù Kẹrin ẹ̀wẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin tí ìkúùkù sì bo ojú ọ̀run, ooru kì í jẹ́ kí a sùn. Ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán a máa padà lọ sí òfuurufú ní òru. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í lè dá a dúró tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti ìkúùkù a máa dá a dúró bí aṣọ ìbora ti ń dá ooru ara dúró. Èéfín kan wà tí ojú kò lè rí, tí a ń pè ní kábọ́n dáyọ́ksáìdì, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ aṣọ ìbora yìí. Ó ń jáde nígbà tí a bá dáná sun igi, èédú, epo bẹntiróòlù tàbí gáàsì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1856, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Eunice Foote, fi oòrùn yá èéfín yìí nínú ìgò, ó sì rí i pé ó gbóná ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ní ọdún 1859, John Tyndall, ọmọ Ireland, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ wọn bí irú èéfín bẹ́ẹ̀ ti ń dá ooru dúró. Ní ọdún 1896, Svante Arrhenius ní Sweden fi ìṣirò hàn pé bí èéfín náà bá pọ̀ sí i, ayé yóò gbóná sí i. Ní ọdún 1958 ni Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, nǹkan bí ìpín 315 ni ó wà nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́; ní ọdún 2024, ó ti ju 420 lọ. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, nǹkan bí 280 ni. Láàrin àkókò yìí, ooru ayé ti fi ohun tí ó ju ìwọ̀n Celsius kan lọ gòkè.

Ẹnì kan lè wí pé, "Kí ni ìwọ̀n kan ṣoṣo?" Ìyá tí ó ti tọ́jú ọmọ tí ibà mú kò ní sọ bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tí ìwọ̀n kan tàbí méjì lè ṣe nínú ara. Afẹ́fẹ́ tí ó bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i lè gba ọ̀rinrin tí ó fi nǹkan bí ìpín 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ó dàbí kànìnkànìn tí a fi kún títóbi rẹ̀: omi púpọ̀ ni ó ń fà mu, omi púpọ̀ náà ni ó sì ń dà sílẹ̀ nígbà tí a bá fún un. Òkun pẹ̀lú ti gòkè: láti ọdún 1901 dé 2018, ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i káàkiri ayé. Omi kánáàlì wa sì ní láti rí ọ̀nà dé ọ̀sà àti òkun. Bí ibi tí ó ń lọ bá ti kún, ẹ̀yìn ni yóò padà sí, ẹ̀yìn náà sì ni ilé wa wà.

2. AWOJÚ-ỌJỌ́ KÌ Í ṢE ALÁFỌ̀ṢẸ

Kì í ṣe ìlú òkèèrè nìkan ni a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Òṣòdì níbí ni NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀, ní ibùdó ìwọn-òjò àti ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn awojú-ọjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọkọ̀ ti gbé kọjá ní agbègbè yẹn nígbà àìmọye, tí a ń nájà, tí a ń du ọkọ̀ wọ̀, láìmọ̀ pé ní ìtòsí wa ni àwọn kan ti ń ka ìwọ̀n òjò sínú ìwé ní ojoojúmọ́. Ní ọdọọdún, kí òjò tó dé, àjọ náà a máa kéde ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dá, àti bí yóò ti pọ̀ tó.

Àwọn kan ti bi mí bóyá gbígba irú ìkéde bẹ́ẹ̀ gbọ́ kò lòdì sí Òfin Kìíní, tí ó kọ àfọ̀ṣẹ fún wa. Rárá o. Aláfọ̀ṣẹ ń wá ohun ìkọ̀kọ̀ láti ọwọ́ agbára òkùnkùn. Awojú-ọjọ́ ń ka ètò tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ fi sínú ẹ̀dá. Olúwa wa sọ fún àwọn ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ pé wọ́n mọ bí a ti ń wo ìkúùkù láti mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀. Kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n mọ èyí. Ó bá wọn wí nítorí pé wọ́n kọ̀ láti fi irú òye kan náà mọ àkókò tí wọ́n wà.

Àwọn àlùfáà ìjọ wa pàápàá wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Fadá Benito Viñes, Jẹ́súítì ní Havana ní ilẹ̀ Cuba, kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1875 pé ìjì ńlá ń bọ̀. Fadá Federico Faura, Jẹ́súítì bíi tirẹ̀, ṣe bákan náà ní Manila ní ọdún 1879. Wọ́n ń ka Mísà, wọ́n sì ń ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́, ọ̀kan kò sì ba èkejì jẹ́. Augustine Mímọ́ ti kìlọ̀ nígbà láéláé pé ohun ìtìjú ni kí Krìstíánì máa sọ ìsọkúsọ nípa ohun tí a dá, kí aláìgbàgbọ́ sì tìtorí rẹ̀ máa fi Ìwé Mímọ́ ṣe ẹlẹ́yà.

3. Ọ̀RỌ̀ MẸ́RIN TÍ MO Ń GBỌ́

Ìwádìí kan tí àwọn Afrobarometer ṣe ní orílẹ̀-èdè 34 ní Áfríkà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé bí ènìyàn 58 nínú 100 ni ó ti gbọ́ nípa ìyípadà ojú ọjọ́ rí. Nínú ìjọ wa, èmi gbà pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti gbọ́. Ìṣòro wa ni ohun tí a ń fi dá ara wa lóhùn lẹ́yìn tí a bá gbọ́ tán.

Èkínní: "Ọwọ́ Ọlọ́run ni. Ó ti búra fún Nóà pé ìkún omi kò ní pa wá." Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run ṣèlérí pé omi kì yóò pa gbogbo ayé run mọ́, kò ṣèlérí pé omi kò ní wọ ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ní Ọ̀kọ̀tà. Ẹ sì wo Nóà fúnra rẹ̀. Kí òjò tó rọ̀ ni ó ti gbọ́ ìkìlọ̀, kí òjò tó rọ̀ ni ó ti mú àáké. Iṣẹ́ káfíńtà ni a fi rí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Èkejì: "Òjò ti ń rọ̀ kí á tó bí wa." Òótọ́ ni. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Kì í sì í ṣe gbogbo ìkún omi ni ìyípadà ojú ọjọ́ fà: gọ́tà tí a dí, ilé tí a kọ́ sórí ojú omi, àti omi tí a tú sílẹ̀ láti inú ìdídò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan lè ní àìsàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2022, ìkún omi pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Àwọn onímọ̀ tí a ń pè ní World Weather Attribution yẹ òjò ọdún náà wò ní agbègbè odò Ọya àti adágún Chad. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ ti mú kí irú àkókò òjò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní nǹkan bí ìlọ́po 80 ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ní gọ́tà nìkan ni ó fà á sọ ìdajì òtítọ́. Ẹni tí ó bá ní ojú ọjọ́ nìkan ni ó fà á, ìdajì ni òun náà sọ.

Ẹ̀kẹta: "Àwọn òyìnbó ni ó ba ayé jẹ́, kí ni ó kàn wá?" Ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù wà lọ́rùn àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ lóòótọ́. Nínú èéfín tí ń jáde láti inú epo, gáàsì àti èédú ní gbogbo ayé lónìí, ti Nàìjíríà kò tó ìpín 1 nínú 100. Póòpù Francis, kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, sọ èyí láìfi bọpo bọyọ̀ nínú ìwé rẹ̀ Laudato Si' ní ọdún 2015, pé àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ jẹ àwọn tálákà ní gbèsè. Ó tún kọ Laudate Deum ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, níbi tí ó ti dárò pé nínú Ìjọ Kátólíìkì pàápàá ni òun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fojú tín-ín-rín ọ̀ràn yìí. Ó tọ́ kí á béèrè ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ wá ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa náà kò mọ́ pátápátá, àwa tí a ń sun gáàsì dànù lójú ọ̀run ní ilẹ̀ Niger Delta láti ọdún pípẹ́. Òjò kò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́: ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Ẹ̀kẹrin: "Wọ́n ní òjò yóò rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò rọ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa." Bí awojú-ọjọ́ bá sọ pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú ọ̀run rí báyìí, òjò a máa rọ̀ ní méje, mẹ́ta tí kò ní rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè búra ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀ nínú oṣù Kẹfà. Síbẹ̀ gbogbo wa mọ̀ dájú pé òjò oṣù Kẹfà pọ̀ ju ti oṣù Kìíní lọ. Irú ìmọ̀ kejì yìí ni ti ìwà ojú ọjọ́, ó sì dájú ju ti ọjọ́ kan ṣoṣo lọ.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí náà jẹ̀bi. Ní ìjọ kan tí mo ti sìn ṣáájú, katikísì wa wá bá mi pé kí á gbé àwọn ìwé ìrìbọmi kúrò nílẹ̀, nítorí ìkìlọ̀ òjò tí ó gbọ́ lórí rédíò. Mo ní, "Òjò ọdọọdún ni." Omi wọ yàrá náà lóru. Nígbà tí a ṣí ìwé àtijọ́ kan ní àárọ̀, tádàwà ti ṣàn, orúkọ àwọn ènìyàn tí àwọn fadá ìṣáájú fi ìtọ́jú kọ sílẹ̀ ti parẹ́. Katikísì náà kò sọ ohunkóhun sí mi. Ó kàn ń fi aṣọ nu ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

4. ỌJỌ́ ÌSINMI MÉJÌ

Ọjọ́ Ìsinmi méjì wà tí àwa ará agbègbè yìí kò lè gbàgbé. Ti àkọ́kọ́ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní ohun kan nípa ìkìlọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà olóró bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkejà. Àwọn ènìyàn sá nínú òkùnkùn, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní Òkè-Àfà, ewéko ti bo ojú kánáàlì, wọ́n sì rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì bọ́ sínú omi yẹn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. A kò lè dá wọn lẹ́bi: kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún wọn.

Ti èkejì ni ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011. Òjò rọ̀ ní Èkó fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdá, omi gba ilé, ó gba òpópónà, ó sì gba ẹ̀mí. Láti ìgbà náà, ìkìlọ̀ ń pọ̀ sí i: NiMet ń kéde, ìjọba ìpínlẹ̀ ń kéde, rédíò ń tún un sọ. Àwọn tí ó kú ní ọdún 2002 kò rí ẹni sọ fún wọn pé omi ni ó wà lábẹ́ ewéko. Àwa rí ẹni sọ fún wa. Ìyàtọ̀ yìí ni a ó jíhìn rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

5. ÌDÁHÙN FÚN ÌYÁ WA

Màmá, ẹ kó kúrò kí òjò tó dé. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Èṣù gbé Olúwa wa lọ sí orí tẹ́ńpìlì, ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, kí àwọn áńgẹ́lì lè gbé e. Olúwa kọ̀, nítorí pé dídán Ọlọ́run wò ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé omi ń bọ̀, tí ó ní ọ̀nà láti lọ, tí ó sì jókòó kí Ọlọ́run lè fi iṣẹ́ ìyanu yọ ọ́, orí tẹ́ńpìlì ni ó wà. Ẹ wo Jósẹ́fù Mímọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí áńgẹ́lì kìlọ̀ fún un nípa Hẹ́rọ́dù, kò wí pé Ọmọ Ọlọ́run ni ó wà nílé òun, ibi kankan kò lè ṣe é. Ní òru yẹn gan-an ni ó dìde, tí ó gbé Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Thomas Aquinas Mímọ́ kọ́ wa pé ọgbọ́n ìṣọ́ra ni ó ń darí àwọn ìwà mímọ́ yòókù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ṣùgbọ́n arọ náà ní láti tètè bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ "ẹ kó lọ" fún ẹni tí kò ní owó ilé mìíràn. Ọ̀rọ̀ mi kò ní pé bí mo bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí kánáàlì, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ lẹ́yìn Mísà òní. Gbọ̀ngàn ìjọ yóò ṣí sílẹ̀ fún yín ní alẹ́ tí òjò bá le.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ gba owó yàrá tí ẹ mọ̀ pé omi ń wọ̀, kí ẹ má sì sọ fún ayálégbé. Ẹ sọ òtítọ́ fún un kí ó tó sanwó. Ẹni tí ó bá sì ti gba ojú ọ̀nà omi kọ́ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí a gbà lọ́nà àìtọ́, dídá a padà ni ìrònúpìwàdà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà àti ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, ẹ má ṣe da náílọ́ọ̀nù àti ike omi sí gọ́tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa gbọ́ ìkéde ojú ọjọ́, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá àti bàbá yín ní èdè tí ó yé wọn.

FÚN ÀRÒJINLẸ̀ NÍLÉ

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ gbígba ìkìlọ̀ àwọn onímọ̀ gbọ́ lòdì sí ìgbàgbọ́? Ìdáhùn: Kò lòdì sí i, nítorí pé Ọlọ́run kan náà ni ó dá ọgbọ́n tí ó sì fúnni ní ìgbàgbọ́.

Ìbéèrè: Ta ni aládùúgbò mi nígbà òjò? Ìdáhùn: Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tèmi lọ, tí omi inú gọ́tà mi ń ṣàn lọ bá.

Ìbéèrè: Ìkìlọ̀ wo ni mo ti gbọ́ ní ọdún yìí, tí èmi kò tíì ṣe ohunkóhun nípa rẹ̀? Ìdáhùn èyí, kí olúkúlùkù fi fún Ọlọ́run.

Kí Jósẹ́fù Mímọ́, alágbàtọ́ Olúwa wa, gbàdúrà fún wa, kí á lè gbọ́, kí á sì dìde ní àkókò. Àmín.

Èmi ni Fadá yín nínú Krístì.